Coco tàbí Poison: bí a ṣe lè yan ọ̀kan nínú lọ́fínńdà méjì tó ń ta sánsán

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, àbúrò mi obìnrin ti mú owó tó fi oṣù mẹ́ta tù jọ jáde nínú báàgì, ó ku kí ó sọ èyí tó fẹ́ nínú ìgò lọ́fínńdà méjì tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ni Coco ti ilé iṣẹ́ Chanel, èkejì sì ni Poison ti ilé iṣẹ́ Dior. Obìnrin tó ń tà á ti fín Coco sí ẹ̀yìn ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì ti fín Poison sí ti ọ̀tún, kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì tó fi sọ pé, "Àǹtí, ẹ mú Poison, òun ló ń pariwo jù." Mo ní kí àbúrò mi dá owó rẹ̀ padà sínú báàgì, kí á máa lọ sílé. Inú bí i títí a fi dé Mayfair. Ohun tí mo sọ fún un lójú ọ̀nà, àti ohun tí àwa méjèèjì ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ni mo fẹ́ kọ síbí fún ẹni tó bá bá ara rẹ̀ ní irú ìkòríta bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe owó kékeré ni wọ́n ń ta irú lọ́fínńdà yìí, ọlọ́jà kì í sì í gbà á padà lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i.

Lọ́fínńdà méjèèjì jọ ara wọn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ọdún 1984 ni Coco jáde, Jacques Polge ló pò ó, orúkọ ìnagijẹ Gabrielle Chanel tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, tó sì kú ní ọdún 1971, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1985, ni Dior gbé Poison jáde, èyí tí Edouard Fléchier pò. Ìgbà kan náà ni wọ́n bí wọn, ìgbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fẹ́ kí òórùn wọn ti wọlé kí àwọn fúnra wọn tó fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà. Òdòdó ló wà ní àárín àwọn méjèèjì. Àwọn èròjà tó ń ta bí èròjà ọbẹ̀ ni wọ́n fi yí òdòdó náà ká, wọ́n sì fi oje igi àti fànílà tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ òórùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti ọṣẹ tuntun ni ẹ ń wá, kò sí èyí tó yẹ yín nínú méjèèjì, ẹ má wulẹ̀ náwó yín dànù.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni kí ẹ jẹ́ kí imú yín mọ̀ kí ẹ tó dé ọjà. Ti Coco kò le: kànáfùrù ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta lọ́fínńdà ni ẹ óò ti mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sí Sábó, kí ẹ ra kànáfùrù díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èròjà, kí ẹ fi eyín tẹ ọ̀kan fọ́ tàbí kí ẹ fi ọmọ ọlọ rún un díẹ̀, kí ẹ wá gbé e sún mọ́ imú. Ohun tó ń ta yín nímú yẹn ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè ní eugenol. Òun ló pọ̀ jù lọ nínú òróró kànáfùrù, òun ni àwọn oníṣègùn eyín ń lò, òun náà ló sì wà nínú òdòdó carnation, tí àwọn tó ń po lọ́fínńdà ti ń lò tipẹ́tipẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí òdòdó ní ata díẹ̀ lára. Coco da kànáfùrù yìí pọ̀ mọ́ róòsì, jásímíìnì àti òdòdó ọsàn, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá ní igi ọsàn lẹ́yìnkùlé ti mọ̀ dáadáa láti ìgbà tí igi náà bá ti ń tanná. Nígbà tí ó bá gbẹ sára, fànílà àti igi sandalwood ló máa ń kù, pẹ̀lú òórùn kan tó móoru bíi ti oje igi tí iná ràn díẹ̀. Ẹni tí oníṣègùn eyín bá ti dẹ́rù bà rí lè má fẹ́ràn Coco láéláé. Mo ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi lọ́fínńdà náà kọ́.

Òdòdó funfun kan tó ń jẹ́ tuberose ló síwájú nínú Poison. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ rántí òdòdó Queen of the Night tí àwọn kan gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé wọn, tí ẹni tó bá ń kọjá lálẹ́ kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Òdòdó méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, àmọ́ ìwà wọn jọra, nítorí tuberose náà máa ń ta sánsán lálẹ́ ju ọ̀sán lọ. Bí ẹ bá tẹ́tí imú sí i dáadáa, ẹ óò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ tó jọ ìpara tí a fi ń ra ẹ̀yìn fún ara ríro, nítorí pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní methyl salicylate wà nínú òdòdó náà, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ irú ìpara bẹ́ẹ̀. Poison wá fi èso dúdú tó dùn bíi jáàmù kún un, ó fi oyin, kínámónì, irúgbìn koriándà àti oje igi sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi ń sọ pé ó dùn, tí ẹlòmíràn sì ń sọ pé ó ń fún òun lọ́rùn, tí àwọn méjèèjì kò sì purọ́. Coco gbẹ, ó sì ń ta. Poison dùn, ó sì nípọn.

Orúkọ Poison náà kò ṣeé gbójú fò ní ilẹ̀ wa. Májèlé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á fún ìyá ọkọ yín, ẹ ti ronú ohun tí ẹ óò sọ sílẹ̀ de ìgbà tí ó bá ní kí ọmọ-ọmọ òun ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà fún òun.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò ló kàn, òun sì ni ó gba sùúrù jù. Ọtí líle ló kún inú ìgò lọ́fínńdà jù, òróró olóòórùn ló wà nínú ọtí náà, àwọn òróró wọ̀nyí kì í sì í gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó fúyẹ́, bíi ti èèpo ọsàn, ló ń kọ́kọ́ fò lọ. Òdòdó ló ń tẹ̀ lé e. Oje igi, fànílà àti igi olóòórùn dídùn ló ń gbẹ́yìn. Ohun tí òǹtajà bá fín sí yín lọ́wọ́ tó sì ní kí ẹ gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ọtí ni àti òórùn tí yóò ti kú kí ẹ tó rí ọkọ̀ wọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òórùn wákàtí kẹrin ni ẹ óò gbé kiri títí di alẹ́, òun ni ẹni tó bá dì mọ́ yín yóò gbọ́, òun ni yóò wà lára ìborùn yín lọ́jọ́ kejì. Òun ni ẹ ń fowó rà. Bébà tín-ín-rín tí àwọn òǹtajà fi ń mú lọ́fínńdà sún mọ́ni nímú wúlò láti mọ èyí tí ẹ kò fẹ́ rárá. Kò lè sọ èyí tí ẹ óò fẹ́, nítorí bébà kì í làágùn.

Ní tiwa, a padà lọ bá obìnrin náà lọ́jọ́ kejì, a sì ní kí ó bu díẹ̀díẹ̀ nínú tẹ́sítà méjèèjì, ìyẹn ìgò tí wọ́n fi ń dán lọ́fínńdà wò, sínú ìgò tín-ín-rín fún wa, kí á san owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta lọ́fínńdà ló máa ń gbà bẹ́ẹ̀ bí a bá fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n. Mo lẹ bébà mọ́ ìgò méjèèjì, mo kọ 1 sára ọ̀kan, mo sì kọ 2 sára èkejì, láìjẹ́ kí àbúrò mi mọ èyí tó jẹ́ ti Dior. Orúkọ ńlá máa ń tan imú jẹ, orúkọ tó bá sì ń bani lẹ́rù náà máa ń tan án jẹ.

Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta dán an wò, kí ọjọ́ náà sì yàtọ̀ síra. Láàárọ̀, ẹ fi ọṣẹ tí kò ní òórùn púpọ̀ wẹ̀, kí ẹ má sì fi àdín para lọ́jọ́ náà, nítorí òórùn àdín kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ti lọ́fínńdà. Òrí tí wọn kò tíì yọ òórùn rẹ̀ kúrò náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fín ọ̀kan sí inú ìgbọ́nwọ́ òsì lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ fín èkejì sí ti ọ̀tún. Mo fẹ́ràn inú ìgbọ́nwọ́ ju ọrùn ọwọ́ lọ, nítorí pé a máa ń fọ ọwọ́, a sì máa ń fi ọwọ́ jẹun. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tó fín lọ́fínńdà sí jẹ iyán kò ní gbádùn iyán, kò sì ní mọ òórùn lọ́fínńdà. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ra èkejì, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ má gbọ́ ọ rárá títí ìdajì wákàtí yóò fi kọjá. Ẹ tún gbọ́ ọ lẹ́yìn wákàtí méjì, lẹ́yìn mẹ́rin, àti nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, kí ẹ sì máa kọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ "ó dára" tàbí "kò dára". Ẹ kọ ohun tí ó jọ: oyin, káńfò, àpótí aṣọ, tùràrí, ilé oníṣègùn.

Ní ọjọ́ kìíní, àbúrò mi rìn nínú oòrùn lọ sí ọjà Odò-Ògbè, ó sì rìn padà, kí ó lè làágùn. Ní ọjọ́ kejì, òjò rọ̀ láti àárọ̀, kò sì jáde nílé. Ọjọ́ kẹta ni a lọ síbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Ooru máa ń mú kí òórùn fò kíákíá, kí ó sì ké sókè; ilé tó tutù máa ń pa á mọ́ra. Lọ́fínńdà tí ẹnì kan tó ń gbé ní Páríìsì yìn pé ó rọra ń jó bí iná àbẹ́là lè di iná ọyẹ́ lára ẹni tó ń wọ ọkọ̀ akérò ní Ifẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún. Nítorí náà, bí ẹ kò bá lè ṣe ju ọjọ́ kan lọ, ọjọ́ tí oòrùn mú gan-an ni kí ẹ yàn.

Imú ẹni tó fín lọ́fínńdà kì í pẹ́ sú u, kò sì ní gbọ́ ọ mọ́ nígbà tí àwọn tó yí i ká ṣì ń gbọ́ ọ kedere. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi nílò imú ẹlòmíràn. Ẹ má ní kí ẹni náà gbé imú lé yín lára. Ẹ ní kí ó dúró ní ìwọ̀n apá kan sí yín, kí ó sọ bí òórùn náà bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, Poison ti dé ọ̀dọ̀ mi láti ẹnu ọ̀nà yàrá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó fín in. Coco ní tirẹ̀ dúró ní nǹkan bí ìwọ̀n apá kan náà, ó sì ń dúró de ẹni tó bá sún mọ́ ọn.

Èyí mú mi dé orí ohun kan tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Coco tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ eau de parfum, Poison tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ eau de toilette, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yìí sì sábà máa ń túmọ̀ sí pé òróró inú rẹ̀ pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ẹni tó bá fi ìyẹn nìkan ṣe òṣùwọ̀n yóò rò pé Coco ni yóò gba ilé kan ju Poison lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye òróró ni wọ́n kọ sára ìgò, kì í ṣe bí òróró náà ṣe ń rìn jìnnà tó, tuberose sì jẹ́ arìnrìn-àjò. Fún Coco, mo máa ń fín in ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀kan sí àyà lábẹ́ aṣọ, ọ̀kan sí ẹ̀yìn ọrùn. Fún Poison, ẹ̀ẹ̀kan ti tó, abẹ́ aṣọ sì ni. Mo fi ìtìjú kọ́ èyí: mo fín Poison ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ sí ìsìn ọjọ́ ìsinmi kan ní oṣù kẹrin, iná ọba lọ, fáànù dúró, ìyá àgbà tó jókòó tì mí sì fi ìborùn bo imú láti ìgbà ìwàásù títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò bá mi wí. Bí ó bá ti bá mi wí ni, ìbá sàn fún mi.

Ibi tí ẹ ń lọ jù lọ lọ́sẹ̀ ni kí ẹ rò, kì í ṣe ibi tí ẹ ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ kéékèèké níwèé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, tàbí tó ń bá ènìyàn mẹ́fà pín ọ́fíìsì kan, èmi kò ní sọ fún un pé kí ó fi Poison ṣe ti ojoojúmọ́, pàápàá tí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà nítòsí. Fún òwàm̀bẹ̀ abẹ́ àtíbàbà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí òórùn ọbẹ̀ àti èéfín ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Poison ni yóò ṣẹ́gun, nítorí Coco lè sọnù síbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí awọ ara gbẹ tó sì ń mu lọ́fínńdà bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, àwọn méjèèjì máa ń rọ̀, ẹ sì lè fi ìpara tí kò ní òórùn sára kí ẹ tó fín wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọtí kan ara òun nítorí ẹ̀sìn kò ní ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Òróró tí kò lọ́tí nínú, irú Bint el Sudan tí àwọn òbí wa mọ̀ dáadáa, ni kí ó wá. Ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yún sì gbọ́dọ̀ ka ẹ̀gbẹ́ páálí, nítorí eugenol wà lára àwọn èròjà tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí wọ́n dárúkọ fún àwọn tí ara wọn kọ̀ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá padà sí ọjà, ẹ ka orúkọ náà tán pátápátá. Coco Mademoiselle, tó jáde ní 2001, àti Coco Noir ti 2012 kì í ṣe Coco tí mò ń sọ. Hypnotic Poison ti 1998 àti Pure Poison ti 2004 náà kì í ṣe Poison àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgò wọn jọra: gbogbo wọn rí roboto bí èso ápù, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ èsè àlùkò tó ṣú, ti Hypnotic pupa, ti Pure sì funfun. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìgò bí ó bá bá ti ara páálí mu. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì bára mu, ẹ ṣì fi í wé èyí tó wà lára yín láti inú tẹ́sítà, nítorí àwọn oníṣẹ́ ayédèrú náà mọ nọ́ńbà kọ. Bí ẹ̀gbọ́n yín kan bá sì sọ pé Coco tàbí Poison tí òun lò nígbà ọ̀dọ́ òun dára ju ti ìsinsìnyí lọ, ẹ má bá a jiyàn, nítorí wọ́n ti tún àwọn méjèèjì pò láti ìgbà náà wá.

Ọjọ́ mẹ́ta pé, a jókòó, a sì ka ohun tí àbúrò mi kọ sílẹ̀. Mo ti mọ̀ lọ́kàn ara mi pé Coco ni yóò mú, nítorí pé lára tèmi, kànáfùrù Coco máa ń rọ̀ di nǹkan tó dà bí àpótí aṣọ òkè ìyá wa àgbà, nígbà tí Poison máa ń wúwo lé mi lórí títí orí yóò fi fọ́ mi. Lára tirẹ̀, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Fún ìgò 1, èyí tí í ṣe Coco, ó kọ "kànáfùrù" ní ìdajì wákàtí, "ilé oníṣègùn eyín" ní wákàtí kejì, "kò sí nǹkan mọ́" ní wákàtí kẹrin, ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún ìgò 2, ó kọ "ó pọ̀ jù" ní ìdajì wákàtí, "jáàmù" ní wákàtí kejì, "oyin àti tùràrí" ní wákàtí kẹrin, ó sì fi àmì sí i pé òun fẹ́ kí èyí wà lára ìborùn òun. Ó ti ní lọ́fínńdà fẹ́lẹ́ kan tó ń lò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe olùkọ́. Òde ọjọ́ Sátidé ló ń ra èyí fún.

A padà sí Lágéré ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ra ìgò Poison kékeré dípò ńlá tó fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, nítorí a ti rí i pé ẹ̀ẹ̀kan ni yóò máa fín in. Ó ní inú kọ́bọ́ọ̀dù ni òun yóò gbé e sí nínú páálí rẹ̀, níbi tí oòrùn ojú fèrèsé kò ní dé. Obìnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí mo ti sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn." Àbúrò mi dá a lóhùn pé òun kò rà á nítorí ariwo rẹ̀, pé ohun tí ó ń sọ lẹ́yìn tí ariwo náà bá ti rọlẹ̀ ni òun rà, ó sì ní kí ó bá òun wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìgò náà kí òun tó sanwó.